Bíréèkì Tí Ń Han

Bí ẹ bá dúró létí títì ní Èrúwà lọ́jọ́ ọjà, tí ẹ ń wo àwọn mọ́tò tí ó ru àpò gààrí àti ẹ̀gẹ́ láti ìhà Lànlátẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn kan tí ń gún ni létí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dúró. Bíréèkì ni ó ń han. Èrò á di etí, awakọ̀ á rẹ́rìn-ín pé ariwo lásán ni. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni ó sọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ náà ń kìlọ̀ fún un pé láìpẹ́ òun kò ní lè dúró mọ́. Bí a ó ṣe mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe níwájú ilé rẹ̀ láìfi ẹ̀mí wewu.

Àwo irin kan wà lẹ́yìn táyà iwájú, tí òun àti táyà jọ ń yí. Irin tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kálípà há etí àwo yìí, páàdì méjì sì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, páàdì méjèèjì yóò fún àwo náà títí yóò fi dúró. Bí páàdì bá ń gbọ̀n lára àwo dípò kí ó dì í mú ṣinṣin, gbígbọ̀n náà ni a ń gbọ́, gẹ́gẹ́ bí okùn gòjé ti ń dún nígbà tí a bá fi ọrun fà á.

Kí ní ń mú un gbọ̀n? Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, eruku pupa ni èmi yóò kọ́kọ́ fura sí, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ìrì àti òjò náà a máa mú kí ìpẹtà fẹ́lẹ́ bo àwo mọ́jú. Irú èyí a máa han láàárọ̀, bí a bá sì ti tẹ bíréèkì nígbà mẹ́ta mẹ́rin, yóò dákẹ́. Kò fẹ́ oògùn kankan.

Èyí tí ó yẹ kí ó bani lẹ́rù ni èyí tí kì í dákẹ́. Àwọn tí ń ṣe páàdì a máa fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan sí ara ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí páàdì bá jẹ títí ó fi ku nǹkan bíi mìlímítà 2 tàbí 3, irin náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ha àwo. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó máa pariwo ni. Bí awakọ̀ bá kọ etí ikún sí i, ohùn náà yóò di ti irin tí ń lọ irin. Páàdì ti tán nìyẹn, kí mọ́tò náà má ṣe kúrò níbi tí ó wà.

Àwọn kan a máa ta epo ẹ́ńjìnì sí i kí ó lè dákẹ́. Yóò dákẹ́ lóòótọ́! Ṣùgbọ́n ohun tí ń yọ̀ ni wọ́n dà sí ibi tí ó yẹ kí ó di nǹkan mú. Páàdì tí ó bá ti mu epo, jíjù ni.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jẹ́ kí mọ́tò náà tutù, nítorí bíréèkì a máa jó ni lọ́wọ́. Ẹ gbé e sí ilẹ̀ líle tí ó tẹ́jú, kì í ṣe orí iyanrìn. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́ sókè, ẹ fi òkúta ńlá dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí jáàkì tó gbé e sókè. Jáàkì nìkan kò tó. Ó lè rì, ó sì lè yọ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ṣe fún gbígbé mọ́tò ró sí abẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù ni ó wọ́pọ̀ lágbègbè wa, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù a máa fọ́ lójijì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ mọ́tò.

Eruku dúdú tí ẹ ó bá níbẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì ṣe fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, irú èyí tí wọ́n fi ṣe àjà ilé láyé ìjọ́sí, ni wọ́n fi ń ṣe páàdì. Eruku rẹ̀ a máa fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tí ó lè pẹ́ tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó hàn. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é ní 1999, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ ohun tí wọ́n fi ṣe páàdì tí a rà lọ́jà. Nítorí náà, ẹ fi omi ọṣẹ rẹ ẹ́, kí ẹ fi àkísà tútù nù ún, kí ẹ sì di àkísà náà sínú ọ̀rá kí ẹ tó jù ú nù. Ẹ má lo pẹtiróòlù, iná ni. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jìnnà síbẹ̀ nígbà náà. Iṣẹ́ tiyín ti parí ṣáájú: ẹ ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nígbà tí mọ́tò ń rọra kọjá, etí yín sì ti mọ táyà tí ń han.

Bí ẹ bá tú kálípà, ẹ fi wáyà so ó rọ̀, kí ó má ṣe fi rọ́bà ọ́ìlì bíréèkì rọ̀. Bí páàdì bá ti tín-ín-rín, ẹ pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀. Gíríìsì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì wà. Ẹ̀yìn páàdì ni a ń fi í pa, díẹ̀ báyìí, kì í ṣe ojú tí ń kan àwo. Bíréèkì táyà ẹ̀yìn tí ó wà nínú àgbá irin, ẹ fi í sílẹ̀ fún mẹkáníìkì.

Nígbà tí ẹ bá dá táyà padà, tí ẹ sì ti di nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lábẹ́ ẹsẹ̀ kí mọ́tò náà tó sún rárá. Lẹ́yìn èyí, ẹ rọra dán an wò nínú ọgbà. Bí ó bá ń rì mọ́lẹ̀, tàbí tí ọkọ̀ ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ọ́ìlì ń kán sílẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì wá bá a níbẹ̀. Ẹ má ṣe wà á lọ bá a.