ÒKÚTA TÓ RÁNTÍ ÒKUN
Amfibólàìtì, agbègbè Iléṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ sún mọ́ ọn. Ó dúdú, ó sì fi àwọ̀ ewé díẹ̀ kún un. Àwọn ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán bí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ ni họnbílẹ́ńdì.

Òkúta yíyọ́ tó tú jáde láti inú ilẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kan yẹ èròjà rẹ̀ wò, wọ́n ní ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́ ló ti dì. Lẹ́yìn náà ni ooru àti ìfúnpá inú ilẹ̀ pa á láwọ̀ dà. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ibi tí irú rẹ̀ wà ni wọ́n ti ń wa wúrà.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ẹni tó bá gbẹ́ kànga ní àdúgbò Bárúwà níbẹ̀, iyanrìn àti amọ̀ ni yóò bá. Àpáta líle jìnnà sísàlẹ̀. Ní Iléṣà, ojú ilẹ̀ ló wà.