Asuránsì ìlera ní Abidjan: ibi tí ẹni tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè forí lé

Ní àwọn ilé ìwòsàn aládàáni tó wà ní Zone 4, káàdì asuránsì ni aláìsàn kọ́kọ́ máa ń yọ. Ẹni tó jókòó níbi ìgbàlejò á gbà á, á pe ilé iṣẹ́ asuránsì, á bi wọ́n bóyá wọ́n máa gbé ẹrù ìtọ́jú náà. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ tàbí pé ẹni náà máa sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìwé ìfọwọ́sí gbọ́dọ̀ dé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní káàdì á fi owó sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé.

Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Marcory ni Zone 4 wà, lọ́wọ́ ọ̀tún ẹni tó ń gba òpópónà VGE lọ sí pápákọ̀ òfurufú Port-Bouët. Àwọn Faransé, àwọn ará Lẹ́bánónì àti àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ilé iṣẹ́ wọn ra asuránsì fún lápapọ̀, àǹfààní ńlá sì nìyẹn fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Tí wọ́n bá kó igba òṣìṣẹ́ pọ̀ sínú àdéhùn kan, owó àwọn tí kì í ṣàìsàn ló ń gbé àwọn tó ń ṣàìsàn, kò sì sí ẹni tó ń tú ìtàn ara ẹnì kọ̀ọ̀kan wò fínnífínní.

Ẹni tó bá fẹ́ dá tirẹ̀ rà ló máa ń rójú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù fún un: ṣé wọ́n ti dá ọ dúró sí ọsibítù rí? Oògùn wo lò ń lò lójoojúmọ́? Ṣé o ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn kíndìnrín? Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè bu owó lé e, wọ́n lè yọ àìsàn náà kúrò nínú ohun tí wọ́n máa sanwó lé lórí, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́ pátápátá. Lójú tèmi, èyí àárín yẹn ló burú jù. Káàdì wà lápò rẹ, ò ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, àmọ́ àìsàn tó o tìtorí rẹ̀ rà á kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń rò pé káwọn kúkú dákẹ́ nípa àìsàn náà. Ewu wà níbẹ̀. Òfin asuránsì CIMA, tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà jọ ń lò láti 1995, sọ pé tí wọ́n bá fi hàn pé ẹni tó ra asuránsì mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan pa mọ́, àdéhùn náà di òfo, owó tó ti san á sì di ti ilé iṣẹ́ náà.

Kì í ṣe torí pé àwọn oníṣòwò asuránsì kórìíra aláìsàn ni wọ́n ṣe ń béèrè gbogbo ìbéèrè yẹn. Tó bá jẹ́ kìkì ẹni tí ara ń ro ló ń rà á, owó inú àpò á tán kí ọdún tó yí po. Ohun tó lè tún un ṣe ni kí gbogbo ìlú wọ inú àpò kan náà, kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ aládàáni ló lè fi agbára mú ìlú wọ̀ ọ́.

Ohun tí ìjọba Côte d'Ivoire ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí òfin CMU, ìyẹn asuránsì ìlera fún gbogbo ará ìlú, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 2014. Wọ́n dán an wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní 2017, ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀ fún ará ìlú ní oṣù Kẹwàá 2019. CNAM ni àjọ tó ń bójú tó o. Ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà (1,000) lóṣù ni owó rẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Agbanisíṣẹ́ ń san ìdajì fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìjọba sì ń san ti àwọn tálákà paraku. Gbogbo ẹni tó ń gbé orílẹ̀-èdè náà ni òfin yìí kàn, títí kan àlejò. Kò sí fọ́ọ̀mù tó ń béèrè àìsàn. Iye tí ẹni tí kò ṣàìsàn rí ń san ni wọ́n ń san lórí ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Mo gbà pé ohun tó dáa jù tí wọ́n ti ṣe fún àwọn aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní Abidjan nìyí. Síbẹ̀ ó kù síbì kan. Nínú 100 sẹ́fà ìtọ́jú, 70 ni CNAM ń san. 30 tó kù, tí wọ́n ń pè ní ticket modérateur, ọrùn aláìsàn ló wà. Ẹni tí ibà ń mú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ká ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ọmọ kan jẹ́ 20,000 sẹ́fà lóṣù. CNAM á san 14,000, ìyá rẹ̀ á san 6,000. Tọ́dún bá fi máa yí po, ìyá náà ti san 72,000, ìlọ́po mẹ́fà owó CMU ọmọ náà fún odindi ọdún. Èyí jẹ́ tí gbogbo oògùn bá wà nínú àkójọ CNAM o. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, òun nìkan ló máa dá a san.

Ìjọba Côte d'Ivoire ti fi hàn pé àwọn lè mú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́rùn èèyàn. Láti 2008 ni oògùn tó ń ká HIV lọ́wọ́ kò ti di ọ̀fẹ́. Ní 2012, wọ́n sọ ìtọ́jú aboyún àti ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún di ọ̀fẹ́ ní ọsibítù ìjọba. Nílẹ̀ Faransé, àkójọ àwọn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan wà. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ìjọba ń san iye tí òfin dá lé ìtọ́jú àìsàn náà pátá, wọn kì í ní kó san ticket modérateur. Kò sídìí tí fòníkú-fọ̀ladìde, ìtọ̀ ṣúgà àti àìsàn kíndìnrín kò fi ní nírú àkójọ bẹ́ẹ̀ nínú CMU. Àwọn tó yẹ kí asuránsì ràn lọ́wọ́ jù lọ ni ìpín 30 yìí ń dùn jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá Abidjan gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ará Èjìgbò, Ìnísà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti pẹ́ nílùú náà, ní Treichville, Adjamé àti Koumassi, òwò sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe. Oníṣòwò kò ní ọ̀gá tó máa bá a san ìdajì, òun ló ń dá owó rẹ̀ san. Nàìjíríà náà sọ asuránsì ìlera di dandan nínú òfin NHIA ti 2022, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ní ètò tirẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì tí wọ́n gbà ní Èjìgbò kò ṣiṣẹ́ ní Abidjan. Tí àìsàn bá dé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló máa ń dáwó. Ọlọ́run á san án fún wọn, ṣùgbọ́n owó ìdáwó lè gbé èèyàn la iṣẹ́ abẹ kan já. Kò lè gbé e títí ọdún mẹ́wàá.

Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ nínú CMU, kó má dúró dìgbà tí ara bá kọ̀, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó máa dúró fóṣù mélòó kan kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Kó sì mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé. Ilé ìlera àdúgbò ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kọ ìwé tó ń gbé èèyàn lọ sí ọsibítù CHU Treichville, níbi tí ilé ìwòsàn ọkàn wà, tí kò sì jìnnà sí Zone 4. Ẹni tó bá fo ilé ìlera yẹn lè rí i pé òun nìkan ló máa san gbogbo owó náà. Pàjáwìrì nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Tí ìrora fòníkú-fọ̀ladìde bá ki ọmọ mọ́lẹ̀ lóru, pàjáwìrì nìyẹn: kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù tó sún mọ́ wọn jù, kí wọ́n mú káàdì rẹ̀ dání.