Táńkì Ẹja Tó Ní Ewéko: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Iná Àdúgbò Yín Kí Ẹ Tó Ra Fítà àti Gáàsì

Láti Ìyànà Ìbà dé Okokomaiko, àwọn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ nínú táńkì onígíláàsì kò kéré mọ́. Àwọn kan nínú wọn ti kó òdòdó oníke dànù, ewéko gidi ni wọ́n ń gbìn sínú omi. Wọ́n á wo fídíò lórí YouTube, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀rọ tí òyìnbó lò sílẹ̀, ó di ọjà. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń bọ́ sómi.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Ẹni tó tajà fún mi ní fítà oníkorobá, ìyẹn èyí tó ní ìdérí pinpin tí wọ́n ń gbé sábẹ́ táńkì, ló dára jù. Kò parọ́, omi mi mọ́ bíi dígí. Àfi ìgbà tí tiransifọ́mà àdúgbò wa bàjẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì kan, tí a ò rí iná títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Iná dé, gbogbo ilé pariwo "Ọ̀pù NẸ́PÀ!" Kò pẹ́ rárá tí òórùn bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́ fi gba pálọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé máa fi mọ́, mẹ́sàn-án nínú ẹja mọ́kànlá ti léfòó.

Kí ló pa wọ́n? Fítà kì í ṣe asẹ́ lásán. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù nínú omi máa ń di amóníà, májèlé sì ni fún ẹja. Inú fóòmù fítà ni àwọn bakitéríà tí ojú ò lè rí ń gbé, àwọn ló ń yí amóníà yìí padà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa di ohun tí ewéko lè jẹ. Ó máa ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó, torí náà ẹ má kó ẹja rẹpẹtẹ sínú táńkì tuntun. Àwọn bakitéríà yìí ń mí bíi tiwa. Tí omi kò bá ṣàn mọ́ nínú korobá tó dé pinpin, wọ́n á lo atẹ́gùn inú rẹ̀ tán láàárín wákàtí mélòó kan, wọ́n á kú, wọ́n á sì jẹrà síbẹ̀. Tí iná bá wá dé, ẹ̀rọ á tu gbogbo rẹ̀ sórí ẹja.

Fítà fóòmù kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín omi ló máa ń wà, pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré ló sì ń wà á. Bí wáàtì 3 sí 5 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ. Èyí tó ń lo okùn USB tún wà, páwà báńkì lè gbé e mọ́jú. Kò rẹwà lójú, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ, inú omi gbalasa ni bakitéríà rẹ̀ wà, wọn kì í tètè kú. Èyíkéyìí tí ẹ bá máa rà, ẹ wo iye omi tó ń yí ní wákàtí kan: ó yẹ kó tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún omi táńkì yín. Táńkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 30, lítà 54 ló ń gbà. Fítà tó ń yí bíi lítà 250 ti tó o.

Ó wá ku gáàsì CO2. Òun náà ló ń hó nínú ẹmu àti kóòkì. Ewéko ń lò ó láti fi ṣe oúnjẹ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Takashi Amano, ará Japan tó kú lọ́dún 2015, wà lára àwọn tó jẹ́ kó gbajúmọ̀ káàkiri ayé, àwòrán táńkì rẹ̀ tó dà bí igbó kékeré ló ń wu àwọn ọ̀dọ́ wa. Àmọ́ ní 1999, Diana Walstad, obìnrin ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan tó fi ṣàlàyé pé erùpẹ̀, ìmọ́lẹ̀ níwọ̀nba àti ìgbẹ́ ẹja tó láti bọ́ ọ̀pọ̀ ewéko láìsí gáàsì kankan.

Ohun tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ rèé. Fítà àti gáàsì, ìpinnu kan náà ni. Tí pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ bá ń da omi láàmú, gáàsì á sá jáde, bí ìgbà tí èèyàn bá mi ìgò mínírà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lo gáàsì fi ń lo fítà oníkorobá. Fítà oníkorobá sì rèé, iná tí kì í ṣẹ́jú ló fẹ́. Nínú ètò Band tí àjọ NERC gbé kalẹ̀, wákàtí 20 lójúmọ́ ni ìlérí fún Band A, 16 fún B, 12 fún C, 8 fún D, 4 péré fún E. Ẹ bi ara yín pé mélòó lẹ̀ ń rí gan-an, kì í ṣe mélòó ni wọ́n kọ. Tí ẹ kò bá sí ní Band A, tí ẹ kò sì ní ìnfátà, fítà fóòmù ni kí ẹ rà, kí ẹ gbàgbé gáàsì. Ẹ má torí ẹja tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ mọ́jú o, èéfín rẹ̀ ń pa odindi ìdílé.

Ẹni tí iná rẹ̀ bá dáa, tó sì fẹ́ gáàsì dandan, kó má ra régúlétọ̀ tí kò ní fáàfù oníná. Fáàfù yìí máa ń ti ara rẹ̀ tí iná bá lọ. Láìsí i, gáàsì á máa wọ omi nínú òkùnkùn nígbà tí ewéko kò lò ó, tí ewéko fúnra rẹ̀ sì ń bá ẹja pín atẹ́gùn. Ní ìdájí, ẹ máa bá ẹja lójú omi tí wọ́n ń la ẹnu. Nǹkan bíi mílígíráàmù 30 nínú lítà omi kan ló tó. Gíláàsì kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní drop checker: tí omi inú rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé, ó dáa, tó bá di yẹ́lò, ẹ dín in kù kíá.

Àwọn kan ń fi ṣúgà àti yíìsì ṣe é nínú ike lítà méjì. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ kò lè pa á lóru, tí ọ̀nà gáàsì bá sì dí, ike náà lè bú. Sílíńdà gidi náà fẹ́ ìṣọ́ra. Ẹ dè é mọ́ ògiri lóòró, ẹ má gbé e sóòrùn tàbí sínú búùtù mọ́tò. Gáàsì náà kò ní òórùn, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá ń jò nínú yàrá kótópó tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn, ẹni tó sùn sílẹ̀ wà nínú ewu.

Ní tèmi, fítà fóòmù méjì ni mo ń lò báyìí, pẹ̀lú òṣíbàtà àti anubias. Anubias barteri tí wọ́n ń tà fún wa bí ọjà òkè òkun, igbó etí odò ilẹ̀ wa àti ti Cameroon ni orírun rẹ̀. Kò nílò gáàsì, òjìji tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó kàn máa ń lọ́ra láti hùwé ni. Ẹ so ó mọ́ òkúta tàbí igi, ẹ má bo ìtàkùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, torí ó máa rà.