Ológbò tuntun wọlé: ẹ má sáré kó o pàdé ti àtijọ́

Ẹni tó ń ta àgbàdo tàbí ẹ̀wà ní ọjà Arzèkè, Parakou, mọ ohun tí eku lè fi àpò ṣe lóru kan. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà nìkan: lọ́dún 2016, ibà Lásà tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Tchaourou, ní gúúsù wa níbí. Abájọ tí àwọn kan fi ń wá ológbò kejì.

Ṣùgbọ́n wọ́n á kàn já a sílẹ̀ níwájú ti àtijọ́. Ìjà á bẹ́, ọ̀kan á sá lọ, eku á máa yọ̀.

Òórùn ni ológbò fi ń mọ ará ilé. Ẹ ti tuntun mọ́ yàrá kan, pẹ̀lú omi, oúnjẹ àti yanrìn tí yóò máa ṣu sí. Ẹ fi àkísà nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ síbi tí àgbà ń sùn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbà náà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa jẹun, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, ilẹ̀kùn láàárín wọn. Ìgbà tí wọ́n bá ń jẹun láìkùn ni kí ẹ ṣílẹ̀kùn díẹ̀.

Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè ju oṣù kan lọ. A mọ̀ pé oníṣòwò kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Bí wọ́n bá jà, ẹ má fọwọ́ là wọ́n. Ẹ fi pátákó sí wọn láàárín.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi fún méjèèjì. Ẹ sì kó oògùn eku kúrò nílé ìkẹ́rù: eku tó jẹ májèlé lè pa ológbò tó jẹ ẹ́.