Epo Nínú Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré

Bí epo bá tán nínú dánfó ní Agboju, àwọn èrò yóò pariwo, wọn yóò ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, kọ́ńdọ́kítọ̀ yóò sì gbé kẹ́ẹ̀gì sáré lọ sí ilé epo. Lójú òfurufú, kò sí ẹni tí yóò báni ti ọkọ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ìdí nìyí tí ìṣirò epo fi jẹ́ ẹ̀kọ́ gidi fún àwọn tó ń kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ òfurufú, irú àwọn tó ń kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Sáríà ní 1964.

Ẹ jẹ́ kí a fi Cessna 152 ṣe àpẹẹrẹ, ọkọ̀ alájòókòó méjì tó jáde ní 1977, ọdún FESTAC gan-an. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú, kì í já bọ́ bí òkúta. Bí awakọ̀ bá di eré rẹ̀ mú ní nǹkan bíi kìlómítà 110 ní wákàtí kan, yóò máa rọra sọ̀kalẹ̀ bí àṣá tó na ìyẹ́. Láti òkè tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000, ó lè lọ tó kìlómítà 3 kí ó tó kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n síbo? Ẹni tó bá wà lókè Agboju, òrùlé Festac ni yóò rí níhìn-ín, títì Badagry tí ọkọ̀ kún fọ́fọ́ lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan já sí Ọba Akran ní Ìkẹjà. Orí ló kó àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ yọ.

Nǹkan bíi lítà 93 ni epo tí Cessna yìí lè lò, ó sì ń mu bíi lítà 23 ní wákàtí kan. Ìṣẹ́jú ni awakọ̀ tó mọṣẹ́ fi ń ka epo, kì í fi lítà kà á. Yàtọ̀ sí epo ìrìn àjò, òfin àgbáyé ní kí epo ìṣẹ́jú 30 ṣẹ́kù lọ́sàn-án, ìṣẹ́jú 45 lóru. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń lọ ìrìn máìlì 90, tí eré rẹ̀ jẹ́ máìlì 90 ní wákàtí kan, tí ó sì bu epo wákàtí kan ààbọ̀ péré. Bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ń fẹ́ kò ó lójú ní máìlì 30, eré rẹ̀ di 60, wákàtí kan di wákàtí kan ààbọ̀. Gbogbo epo ìpamọ́ ti lọ nìyẹn, kò sì ṣi ọkọ̀ wà rárá.

Epo sì lè wà nínú táǹkì kí ẹ́ńjìnnì má rí i mu. Nínú Piper Cherokee, awakọ̀ ló ń yí epo láti táǹkì òsì sí ti ọ̀tún. Bí ó bá gbàgbé, ọ̀kan á gbẹ nígbà tí èkejì kún. Omi náà lè wọnú epo, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ro díẹ̀ sínú ife kí wọ́n tó gbéra. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni yìnyín. Bí epo ti ń di afẹ́fẹ́ nínú kábúrétọ̀, inú rẹ̀ á tutù débi pé ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ Èkó lè dì níbẹ̀, nígbà tí àwa tí a wà nílẹ̀ ń làágùn, pàápàá bí awakọ̀ bá dín agbára ẹ́ńjìnnì kù láti sọ̀kalẹ̀. Yóò wá fa ọwọ́ kan tí ń mú afẹ́fẹ́ gbígbóná wọlé. Ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ máa wúkọ́ sí i bí yìnyín ti ń yọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù bà á sì lè fẹ́ tì í padà kíákíá; olùkọ́ a ní kí ó fi í sílẹ̀ títí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò fi dọ́gba.