Ìjáfara Léwu: Ipa Àwùjọ Lórí Ikú Aboyún ní Nàìjíríà

Bí obìnrin bá bímọ tán, a máa ń kí i pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Àwọn òbí wa mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni pé púpọ̀ nínú ewu náà kò sí nínú ara aboyún; àárín àwa tí a yí i ká ló wà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fojú bù ú pé nǹkan bí obìnrin 82,000 ni oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà ní ọdún 2020. Iye yìí ju ìdá kan nínú mẹ́rin irú ikú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù. Abẹ́rẹ́ tó lè dá a dúró wà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà lè pa ènìyàn láàárín wákàtí méjì.

Ní 1994, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine to ìjáfara sí ọ̀nà mẹ́ta: kí a tó pinnu láti lọ sí ilé ìwòsàn, kí a tó débẹ̀, àti kí a tó rí ìtọ́jú gbà lẹ́yìn tí a débẹ̀. Ọ̀nà tí kò dára àti àìtó dókítà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Èyí àkọ́kọ́ gan-an ni a kì í fẹ́ sọ, nítorí inú ilé wa ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ọkọ kò sí nílé. Ìyá ọkọ ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù, òun bí mẹ́fà láìrí nọ́ọ̀sì. Owó kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń rọbí. A sì ti gbàdúrà pé kí ó bí bí àwọn obìnrin Hébérù, débi pé bí wọ́n bá dárúkọ iṣẹ́ abẹ, ìtìjú ló máa ń dà. (A kò ta ko àdúrà, ìtìjú yẹn ni a ń bá wí.)

Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìfẹ́dọrẹ ní 2009, wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù, kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera fúnra wọn. Ní tiwa, ohun tí fóònù yẹn ṣe ju ìpè lọ: ó fi ìpinnu sọ́wọ́ ẹni tí ọ̀ràn kàn.

Nínú ẹ̀kọ́ ìlera tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE, a ń ya àwòrán ilé ọmọ sójú pátákó, a sì ń dárúkọ ẹ̀yà ara. Àbá wa ni pé kí a fi ìbéèrè kan kún un: bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lóru, ta ni yóò sọ pé "Ẹ jẹ́ ká lọ," ọwọ́ ta sì ni owó ọkọ̀ wà? Kí a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin náà, nítorí àwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ pè lórí fóònù.