Àpá Irorẹ́: Ẹ Mọ Irú Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Tọ́jú Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Nítorí náà, bí irorẹ́ bá ba ojú jẹ́, ọkàn ẹni a máa bàjẹ́ pẹ̀lú. Ẹ wo ọ̀dọ́mọbìnrin tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta. Ó wo dígí láàárọ̀, ó tún wò ó lálẹ́. Ó sáré lọ sí ọjà. Ẹni tí ń ta ìpara po oríṣi mẹ́ta pọ̀ fún un sínú ike kan, ó ní, "Ìyàwó, ọ̀sẹ̀ méjì péré, ojú ẹ á máa dán." Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ojú dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mélòó kan, awọ ojú fẹ́lẹ́, irorẹ́ tuntun rọ́ jáde, àpá sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ni àṣìṣe rẹ̀? Kò mọ irú àpá tí ó ní kí ó tó ra oògùn. Àpá irorẹ́ kì í ṣe oríṣi kan. Ohun tí ó wo ọ̀kan sàn lè ba òmíràn jẹ́.

BÍ ÀPÁ ṢE Ń WÁ

Ara wa a máa ṣe òróró tí ń mú awọ rọ̀. Òróró yìí ń gba àwọn ihò kéékèèké jáde. Bí ọmọ bá ń bàlágà, òróró náà a pọ̀ sí i. Bí ihò bá dí, òróró á há sínú rẹ̀, kòkòrò tí ojú kò lè rí á pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ á wú. Irorẹ́ nìyẹn. Bí wíwú náà bá jinlẹ̀, á ba ẹran abẹ́ awọ jẹ́. Nígbà náà ni ara á bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ó dàbí ẹni tí ń fi amọ̀ dí ògiri tó ya. Bí amọ̀ kò bá tó, ibẹ̀ á jin. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, ibẹ̀ á yọ síta. Ẹni tí ń fi èékánná tẹ irorẹ́ ń ti wíwú náà wọ inú lọ ni.

Ẹ YẸ OJÚ YÍN WÒ

Ẹ fọ ojú yín, ẹ dúró sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ mú dígí. Ẹ fi ìka pa ibẹ̀ jẹ́jẹ́.

Èkínní ni àmì dúdú. Awọ ibẹ̀ jọ̀lọ̀, kò jin, kò wú, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Èyí kì í ṣe àpá gan-an. Ó wọ́pọ̀ lára àwa ènìyàn dúdú. A máa lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù mélòó kan, tàbí kó lé ní ọdún kan.

Èkejì ni kòtò. Ní 2001, àwọn dókítà awọ ara kan ní Amẹ́ríkà pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, a sì ń lo ìpín náà títí di òní. Ọ̀kan dàbí ibi tí a fi abẹ́rẹ́ gún: ẹnu rẹ̀ kéré, inú rẹ̀ jìn. Èkejì fẹ̀ lẹ́nu, etí rẹ̀ sì gún régé, bí àpá tí ṣànpọ̀nná máa ń fi sílẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹ̀kẹta kò ní etí. Awọ kàn ń lọ sókè sódò bí ọ̀nà tí kò dán. Bí ẹ bá na awọ ibẹ̀, kò ní hàn púpọ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni òkìtì. Ó le, ó yọ síta, ó sì lè máa yún ni. Àgbọ̀n, àyà, èjìká àti ìpàkọ́ ló fẹ́ràn. Òmíràn kì í kọjá ojú irorẹ́ náà. Òmíràn a máa tàn kọjá ibẹ̀. Òun ni àwọn dókítà ń pè ní "keloid". Ó wọ́pọ̀ lára ènìyàn dúdú, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí.

ÌTỌ́JÚ

Irorẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Ẹni tí ń tọ́jú àpá nígbà tí irorẹ́ ṣì ń yọ dàbí ẹni tí ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tí ń jò. Oògùn bí "benzoyl peroxide" àti "adapalene" ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí aláboyún má lo adapalene.

Àmì dúdú ń fẹ́ sùúrù. Oòrùn a máa mú un dúdú sí i, nítorí náà ẹ dé fìlà tó ní etí, kí ẹ sì fi ìpara tí ń dènà oòrùn pa ojú. "Azelaic acid" náà ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ má fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ojú: bí oòrùn bá kàn án, ó lè jó awọ.

Kòtò kò ní ìpara tí í dí i tán. Ọwọ́ dókítà awọ ara ni ó wà. Fún èyí tó dàbí ojú abẹ́rẹ́, dókítà lè kán ásíìdì líle díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹran tuntun lè hù, tàbí kó gé e kúrò kó sì rán an. Fún èyí tó fẹ̀ lẹ́nu, ó lè fi àwọn abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún awọ kí ara lè tún un ṣe. Èyí tó ń lọ sókè sódò ní okùn lábẹ́ tó fà á mọ́lẹ̀. Dókítà á ti abẹ́rẹ́ bọ abẹ́ awọ láti gé okùn náà. Kò sí èyí tí a ń dán wò nílé. A máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mélòó kan, àpá á sì dín kù, ṣùgbọ́n kì í sábà parẹ́ pátápátá.

Òkìtì kì í ṣe ohun tí a kàn ń fi abẹ gé lásán. Bí a bá kàn gé keloid lásán, ó sábà máa ń padà wá, ó sì lè tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà a máa fún un ní abẹ́rẹ́ oògùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, títí yóò fi rọ̀. Bí ẹnì kan nínú ẹbí yín bá ní keloid, ẹ sọ fún dókítà kó tó gún tàbí gé ohunkóhun.

Ẹ KA ARA ÌGÒ

Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí "mercury" tàbí "calomel", ẹ dá a padà: ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè pa ọmọ inú lára. Ní 2013, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní ilẹ̀ Japan pé kí ìpara tó ní mẹ́kúrì kúrò lọ́jà títí 2020, ṣùgbọ́n a ṣì ń rí i. "Clobetasol" àti "betamethasone" a máa mú awọ fẹ́lẹ́, wọ́n sì lè mú irorẹ́ jáde. "Hydroquinone" tí a lò pẹ́ lè sọ ojú di dúdú bí aró. Ike tí kò ní ìwé lára ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó pò ó.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ojú tí a fi sùúrù tọ́jú ni í dán pẹ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Báwo ni ẹ ṣe lè mọ àmì dúdú yàtọ̀ sí kòtò?
2. Kí ló dé tí a kì í kàn fi abẹ gé keloid lásán?
3. Ẹ ka ara ìpara kan nílé yín. Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni ẹ rí níbẹ̀?